Ọjọ́ Tí Mo Fi Ìkíni Parí Ọ̀rọ̀

Wọn ò kó ìdọ̀tí mi láàárọ̀ yìí. Gbogbo àdúgbò ni wọ́n kó tiwọn, láti ìsàlẹ̀ títì dé òkè, àfi tèmi. Wọ́n wá lẹ bébà pélébé kan mọ́ bíìnì mi pé ìdérí rẹ̀ ò pa dé. Ìka méjì péré ló fi ṣí, mo fi ìka ara mi wọ̀n ọ́n. Mo bá pe káńsù, ìjọba ìbílẹ̀ tó ń kó ìdọ̀tí wa. Obìnrin tó gbé fóònù, ohùn rẹ̀ dùn, ó ní kí ni òun lè ṣe fún mi. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ bó ṣe yẹ kí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé bẹ̀rẹ̀: mo kí i, mo béèrè bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, mo sọ fún un pé ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé ní Parsloes, ní Dagenham yìí, pé mi ò bá aládùúgbò kankan jà rí, pé èmi ni mo máa ń bá ìyá òyìnbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbé tiẹ̀ síta nítorí orúnkún rẹ̀. Mo ṣì ń bọ̀ wá sórí ìdérí. Obìnrin náà dá mi dúró, ó ní, "Sà, kí wá ni ìṣòro gan-an?" Mo ní kò sí ìṣòro. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé fóònù sílẹ̀. Ìdọ̀tí mi ṣì wà níwájú ilé bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹyẹ ti ń tú u.

Ẹ má bínú sí obìnrin náà. Èmi ni mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń mú ọ̀rọ̀. Ìwé tí mo kà ò pọ̀. Mo dé kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà ní Rush Green, mo jókòó níbẹ̀ fún táàmù kan àtààbọ̀, wọ́n fẹ́ kọ́ mi ní iṣẹ́ páìpù omi, mo sì jáde láì lè tún ẹ̀rọ omi ilé ara mi ṣe. Ṣùgbọ́n ti ọ̀rọ̀ sísọ yìí, kì í ṣe pé wọn ò kọ́ mi. Wọ́n kọ́ mi. Wọ́n kọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì pàápàá, nílé àti ní sùkúù, nínú ọdún kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n kọ́ mi nílé sì dojú kọ èyí tí wọ́n kọ́ mi ní sùkúù bí ọkọ̀ méjì tó pàdé lójú ọ̀nà tóóró, tí ẹnì kankan ò fẹ́ fà sẹ́yìn. Àárín wọn ni mo wà títí di òní. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà.

Ilé káńsù la ń gbé, ilé bíríkì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá Parsloes, irú àdúgbò tó jẹ́ pé gbogbo ilé ló jọra bí ẹyin inú páálí. Lọ́sẹ̀ tá a kó débẹ̀, Mọ́mì mi ń ti kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn ilé ẹlòmíràn, ó ń yí i sọ́tùn-ún, ó ń yí i sósì, ó ń bá kọ́kọ́rọ́ náà jà, títí òyìnbó kan fi ṣí i látinú, tó béèrè bóyá ó fẹ́ wọlé. Àwa márùn-ún la wà nínú ilé náà. Dádì mi ń wa bọ́ọ̀sì. Mọ́mì ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan ní apá Eastbury. Àǹtí Bọ́lá, ẹ̀gbọ́n mi, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Màmá, ìyá tó bí Dádì, ni Dádì mú wá láti Ìjẹ̀bú Òde ní ọdún méjì ṣáájú. Èmi ni àbíkẹ́yìn, ẹni tí wọ́n ń rán níṣẹ́ nígbà tí iṣẹ́ náà bá ti sú gbogbo àwọn tó kù. Tí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ ni páìpù ara ògiri tó ń ró gbà-gbà-gbà bí ooru ṣe ń wọ inú rẹ̀, lẹ́yìn náà àdúrà Màmá, lẹ́yìn náà ikọ́ Dádì, lẹ́yìn náà Mọ́mì tó ń pe orúkọ mi láti ìsàlẹ̀. Bó ṣe ń tò tẹ̀ léra nìyẹn lójoojúmọ́. Mi ò gbọ́ ọ kó yí padà rí. Mọ́mì máa ń fi táwẹ̀lì we ẹ̀rọ ìlọta kí ariwo rẹ̀ má bàa dí aládùúgbò lọ́wọ́, ẹ̀rọ náà á wá máa ké lábẹ́ táwẹ̀lì bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ bò lẹ́nu. Ìjọ Aládùúrà là ń lọ. Ní àárọ̀ Sọ́ńdè, àwa márààrún á jáde nínú sùtánà funfun, ẹsẹ̀ lásán, a ó rìn lórí yìnyín lọ sídìí ọkọ̀, àwọn ọmọ òyìnbó òdìkejì títì á fi ojú sí gíláàsì fèrèsé wọn. Èmi náà máa ń juwọ́ sí wọn. Mo rò pé ìlara ni wọ́n ń ṣe.

Màmá ò sọ ohun tó bá fẹ́ ní tààrà rí. Tó bá fẹ́ omi, á kọ́kọ́ béèrè bóyá mo ti jẹun. Á ní ọmọ dáadáa ni mí. Á sọ ti bàbá mi nígbà tó wà ní kékeré, bó ṣe máa ń pọn omi kún ìkòkò kí ẹnikẹ́ni tó jí. Á ní ooru páìpù yìí máa ń gbẹ èèyàn lọ́fun. Kó tó parí, èmi á ti wà ní kíṣìnnì pẹ̀lú kọ́ọ̀bù lọ́wọ́, mi ò sì ní lè sọ ibi tó ti rán mi. Ó ní òwe kan tó fẹ́ràn: ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Ó ní ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀ ni, ibi tó fúyẹ́ ni kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀, kó máa rọra lọ sí ibi tó nípọn. Ìṣòro tèmi ni pé kò sí ewé ní Dagenham nígbà náà. Inú agolo mílíìkì ni Mọ́mì ti ń se ọ̀ọ̀lẹ̀ wa, yíká ló sì ń rí tí wọ́n bá dà á jáde. Mo máa ń yí i po nínú àwo, mo ń wá ibi pẹlẹbẹ náà, títí ọ̀ọ̀lẹ̀ á fi tutù. Mọ́mì á ní, "Délé, kí lò ń wá nínú oúnjẹ?" Mi ò lè sọ.

Ọ̀rọ̀ tó bá le nílé wa, ọjọ́ Sọ́ńdè la máa ń sọ ọ́, lẹ́yìn ìrẹsì. Dádì á pa tẹlifíṣọ̀n, á yí àga rẹ̀ kúrò lára ògiri, á ní, "Ẹ jókòó." Ẹni tó kéré jù ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé bàbá òun nìyẹn, pé tí àgbà bá ti kọ́kọ́ la ẹnu, kí ni ọmọdé tún fẹ́ sọ ju "bẹ́ẹ̀ ni" lọ? Torí náà láti ìsàlẹ̀ la ti ń gùn ún lọ: èmi, Àǹtí Bọ́lá, Mọ́mì, Màmá, kí Dádì tó wá dì í, kí ọ̀rọ̀ parí. Ẹnì kan kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnì kan kì í já a gbà lẹ́nu ẹnì kan. Ìtumọ̀ èyí ni pé ẹnu mi ló ń kọ́kọ́ ṣí nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ilé yẹn kí n tó ní làákàyè kankan. Lórí àga tuntun, èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Lórí bóyá kí Mọ́mì gba iṣẹ́ Sátidé, èmi ni. Púpọ̀ nínú ohun tí mo máa ń sọ ni pé, "Ohun tí ẹ bá ti rí náà ni, sà," wọ́n á sì ní mo gbọ́n. Ohun tí Dádì ò mọ̀ ni pé Mọ́mì àti Màmá ti máa ń pín ọ̀rọ̀ náà ní kíṣìnnì kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, bí ẹni ń pín ẹran. Èyí tó fúyẹ́, tèmi. Èyí tó ní ẹran díẹ̀, ti Mọ́mì. Èyí tó wúwo jù, Màmá á fi sápò ara rẹ̀. Ó ní ohun tí èèyàn bá gbọ́ kẹ́yìn ló ń bá a wọlé lọ sùn.

Tíṣà wa ní sùkúù ò gbà bẹ́ẹ̀. Obìnrin kékeré kan ni, ó máa ń wọ bàtà pupa, ó fẹ́ràn wa ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní ká ṣe àríyànjiyàn nínú kíláàsì lórí bóyá kí wọ́n fagi lé iṣẹ́ àṣetiléwá. Ìṣẹ́jú méjì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní, agogo kékeré tí wọ́n fi ń ka ìṣẹ́jú tí wọ́n bá ń se ẹyin ló sì fi ń ṣọ́ wa. Apá àwọn tó fẹ́ kí wọ́n fagi lé e ni mo wà, mo sì ní ọ̀rọ̀ tó lágbára: tábìlì kan ṣoṣo ló wà nílé wa, Màmá ló sì ń ṣa ẹ̀wà lórí rẹ̀. Inú mi ń dùn sí ọ̀rọ̀ náà, mo fi í pa mọ́ sẹ́yìn bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo dìde. Mo kí tíṣà. Mo kí kíláàsì láti iwájú dé ẹ̀yìn. Mo ní èmi ni mo kéré jù nínú wọn, tí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ kí wọ́n tọ́ mi sọ́nà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi, ẹni tí mo fẹ́ takò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti bàbá mi nígbà tó ń pọn omi. Agogo dún. Ọmọbìnrin kan níwájú na ọwọ́ sókè, ó ní, "Mísì, apá wo ló wà?" Kíláàsì rẹ́rìn-ín títí ẹnì kan fi ṣubú lórí àga. Tíṣà ò rẹ́rìn-ín. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí wọ́n jáde lọ ṣeré, ó ní, "Délé, èyí tó lágbára jù ni kó o kọ́kọ́ sọ. Etí èèyàn tètè máa ń rẹ̀. Tó o bá fi èyí tó dáa pa mọ́ sẹ́yìn, kò sẹ́ni tó máa dúró dè é." Ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi lórí bébà, nọ́ńbà kìíní, ìkejì, ìkẹta, èyí tó tóbi lókè, èyí tó kéré nísàlẹ̀. Mo ká a sápò. Mo rò pé mo ti rí àṣírí àwọn òyìnbó.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni lẹ́tà dé láti sùkúù Àǹtí Bọ́lá. Ó ní Bọ́lá kì í wá sí sùkúù ní Ọjọ́bọ̀. Kì í ṣe Ọjọ́bọ̀ kan, gbogbo Ọjọ́bọ̀ táàmù yẹn ni. Dádì kà á lórí ìdúró, ó tún jókòó kà á.

"Níbo lò ń lọ?"

Bọ́lá ń wo kápẹ́ẹ̀tì.

"Ọkùnrin ni?"

"Rárá, sà."

"Níbo wá ni?"

Ẹ gbọ́, Dádì mi ló ń wa bọ́ọ̀sì kọjá níwájú àwọn ọmọ tó ń sá fún sùkúù lójoojúmọ́, tí wọ́n ń fẹsẹ̀ ta agolo níbi tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ó máa ń délé sọ ti àwọn òbí wọn fún wa pé ojú wọn ti fọ́. Ó ká lẹ́tà náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ní Bọ́lá ń lọ sọ́dọ̀ àbúrò òun ní Ìjẹ̀bú Òde, sùkúù tí wọ́n ti ń sùn síbẹ̀, títí orí rẹ̀ á fi pé. Nínú ìjọ wa a mọ ọmọ méjì tí wọ́n ní kí wọ́n lọ lo họ́lidè nílé, tí họ́lidè náà sì di ọdún mẹ́rin. Ọdún tó ń bọ̀ ni Àǹtí Bọ́lá fẹ́ ṣe ìdánwò ńlá. Nọ́ọ̀sì ló fẹ́ ṣe, kò sọ nǹkan míì láti kékeré. Tó bá wọ ọkọ̀ òfurufú yẹn, ó ti tán nìyẹn. Èmi náà sì mọ̀ pé òun ló ń bá mi de táì, òun ló ń kọ́ mi ní ìṣirò, òun ló ń parọ́ fún mi nígbà tí mo bá fọ́ àwo. Dádì ní tó bá di Sọ́ńdè, kí olúkúlùkù sọ tiẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn òun á dì í.

Ní Sátidé, èmi àti Màmá jọ ń bó ẹ̀wà. Mọ́mì wà níbi iṣẹ́, Dádì wà lójú títì, Àǹtí Bọ́lá ti ilẹ̀kùn mọ́rí lókè. Omi inú ọpọ́n ti funfun, èèpo ẹ̀wà ń léfòó lórí rẹ̀. Màmá fi oríkì pè mí, ó ní, "Àjàní, ọkọ mi, ṣé o ti jẹun?" Mo dìde, mo lọ bu omi wá. Ó wo kọ́ọ̀bù náà, ó ní kì í ṣe omi. Ó ní kí n jókòó.

Ó wá sọ ọ́ fún mi, wẹ́rẹ́ báyìí, bí ẹni ń sọ ohun tó rà lọ́jà. Ó ní Ọjọ́bọ̀ kan lòun jáde lọ ra ata, òun ò sì rí ilé mọ́. Ó ní ilé wà níbẹ̀ o, ilé pọ̀ níbẹ̀, gbogbo wọn ni ilé wa. Òun wọ bọ́ọ̀sì. Òun lọ jókòó ní Rush Green níbi tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, òun ń retí ọkọ̀ Ìjẹ̀bú Òde. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n kó kíláàsì Bọ́lá lọ wo kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà níbẹ̀, Bọ́lá rí òun látojú fèrèsé, ó bọ́ sílẹ̀ wá bá òun. "Mo bi í pé ọmọ ta ni," Màmá ní. Ó ń bó ẹ̀wà lọ. "Ọmọ náà sunkún." Ọjọ́bọ̀ sì ni ọjọ́ tí kì í sí ẹnì kankan nílé pẹ̀lú Màmá láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Láti ìgbà yẹn ni Bọ́lá ti ń múra bí ẹni ń lọ sí sùkúù, á rìn yí pápá po, á padà wá jókòó tì í. Màmá ti gbé Bíbélì lé e lọ́wọ́ pé kó búra, kò gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Tí Dádì bá gbọ́, kò tún ní jẹ́ kí òun fọwọ́ kan ilẹ̀kùn mọ́.

"Èmi fúnra mi ni màá sọ ọ́ lọ́la," ó ní, "tó bá kàn mí. Ìwọ, ibi pẹlẹbẹ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Kí bàbá ẹ. Bẹ̀ ẹ́. Sọ pé Bọ́lá ló ń kọ́ ẹ ní ìṣirò. Kó o jókòó. Tèmi, eegun wà nínú ẹ̀. Ẹni tó ní eyín ní í jẹ eegun."

Eyín mẹ́ta ló kù lẹ́nu Màmá. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ní ọjọ́ kejì, a dé láti ìjọ, a kọ́ sùtánà sára páìpù ooru, a jẹ ìrẹsì tí kò sẹ́ni tó mọ adùn rẹ̀. Dádì ti wọ aṣọ iṣẹ́ nítorí ó ní ọkọ̀ láti gbà lọ́wọ́ ẹnì kan nírọ̀lẹ́. Ó pa tẹlifíṣọ̀n. Ó yí àga. "Ẹ jókòó." Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Aago yẹn ló ṣe mí. Mo wò ó bó ṣe ń wò ó, etí mi sì gbọ́ agogo tí wọ́n fi ń se ẹyin. Mo ṣírò ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú ìwọ̀nba ìṣirò tí Àǹtí Bọ́lá ti kọ́ mi: èmi á sọ̀rọ̀, Bọ́lá á sunkún, ọ̀rọ̀ Mọ́mì á gùn láti Lẹ́gọ́ọ̀sì dé Dagenham, Màmá á tún béèrè bóyá Dádì ti jẹun, kó tó dé orí eegun rẹ̀ Dádì á ti dìde, á ti dì í, á ti lọ gbé bọ́ọ̀sì. Etí èèyàn tètè máa ń rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Imú mi wà nínú kápẹ́ẹ̀tì, tíṣà wà ní apá ọ̀tún mi, Màmá wà ní apá òsì, àwọn méjèèjì ń bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò sì gbọ́ ẹnì kankan dáadáa.

Mo ní, "Dádì, Màmá ò mọ ọ̀nà ilé mọ́."

Ilé dákẹ́. Mo gbọ́ fíríìjì láti kíṣìnnì. Èmi rò pé dídákẹ́ yẹn ni pé ọ̀rọ̀ mi ń lọ dáadáa, mo bá ń bá a lọ, bí bébà ṣe tò ó, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo ní Màmá sọnù dé Rush Green. Mo ní kò mọ ọmọ tí Àǹtí Bọ́lá jẹ́. Mo ní Àǹtí Bọ́lá ló ń jókòó tì í ní Ọjọ́bọ̀. Lẹ́yìn náà mo ní Àǹtí Bọ́lá ló ń kọ́ mi ní ìṣirò. Lẹ́yìn náà mo ní ó máa ń bá mi de táì. Lẹ́yìn náà mo ní ó mọ ẹyin dín. Mo rántí pé mi ò tíì bẹ̀bẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà." Kò wá ku nǹkan kan mọ́ àyàfi ìkíni. Mo ní, "Ẹ kú ìsinmi o, sà." Mo dìde, mo lọ jókòó.

Dádì ò wò mí. "Bọ́lá, ó kàn ẹ́."

"Mo ti búra, sà," Àǹtí Bọ́lá ní. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí ọwọ́ rẹ̀. Màmá ló ń wò, kì í ṣe Dádì.

Ó kan Mọ́mì. Mọ́mì ò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà, tiẹ̀ tó ti há sórí láti ọjọ́ mẹ́ta ló ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. "Bàbá Bọ́lá, ẹ rántí ọjọ́ tá a dé ìlú yìí, ẹ̀wù òtútù kan ṣoṣo..." Dádì gbé ọwọ́ sókè. Ẹnì kan ò dá ẹnì kan dúró rí nínú ìpàdé yẹn. Mọ́mì pa ẹnu dé.

"Màmá," Dádì ní, ohùn rẹ̀ ti kéré. "Ó kàn yín, mà."

Màmá fa ìborùn rẹ̀ bo èjìká. Ó wo òkè àjà, ó wò mí, ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Ọmọ ti sọ ọ́," ó ní. "Kí ló tún kù tí mo fẹ́ sọ?"

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ Màmá. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ọ. Ó ti tò ó sórí, ó mọ ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó máa parí sí, mo sì jẹ eegun rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Dádì dìde, ó pe Bọ́lá, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú bí ẹni fẹ́ gbàdúrà, àdúrà ò wá. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ sí ibi iṣẹ́. Bọ́lá ò lọ sí Ìjẹ̀bú. Ní Ọjọ́bọ̀ yẹn ó wà ní sùkúù, Mọ́mì ló gba ìsinmi jókòó nílé. Ọ̀sẹ̀ kẹta, Màmá ló wọ ọkọ̀ òfurufú. Dádì ní kò sẹ́ni tó máa ṣọ́ ọ nílé yìí, pé lọ́dọ̀ àbúrò òun, tó bá tiẹ̀ sọnù, ẹni tó bá rí i lójú ọ̀nà á mọ ọmọ tó bí. Àǹtí Bọ́lá ò bá mi sọ̀rọ̀ fún gbogbo ìgbà yẹn. Tó bá fẹ́ iyọ̀, tí iyọ̀ sì wà níwájú mi, á ní, "Mọ́mì, ẹ sọ fún ọmọ yín kó gbé iyọ̀ wá." Ní àárọ̀ tí Màmá ń lọ, ó jókòó ní pálọ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù àti àpò méjì. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ bóyá kí n kọ́kọ́ kí i ni tàbí kí n kọ́kọ́ sọ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Mo kàn sùn síbẹ̀. Ó fọwọ́ pa mí lórí, ó rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ti gbàgbé ohun tí mo ṣe ni. Mo tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó ti gbàgbé. Ó lo ọdún mélòó kan sí i ní Ìjẹ̀bú Òde kó tó kú. Àbúrò Dádì ní kò sọnù lọ́jọ́ kan.

Mo ti yí ọ̀rọ̀ yìí po bí ọ̀ọ̀lẹ̀ inú agolo. Lọ́jọ́ míì mo máa ń rò ó pé tí Màmá bá sọ ọ́ fúnra rẹ̀, lẹ́yìn gbogbo wa, á béèrè bóyá Dádì ti jẹun, á sọ ti omi tí Dádì máa ń pọn, kó sì tó débi tó sọnù, Dádì á ti dìde lọ ṣe ohun tí Màmá fẹ́ láì mọ ibi tó ti rán an. Màmá á dúró tì wá. Lọ́jọ́ míì mo máa ń rò ó pé Dádì ì bá ti lọ gbé bọ́ọ̀sì kó tó débẹ̀, Bọ́lá ì bá sì ti lọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ò ju pé èwo ló ṣíwájú. Mo ní ìrẹsì kọ́kọ́ wọ àwo ni o, ọbẹ̀ kọ́kọ́ wọ àwo ni o, inú kan náà ni wọ́n ń lọ. Mọ́mì ní ẹni tó bá rò bẹ́ẹ̀ ò mọ oúnjẹ bù. Nígbà tí Dádì kú, mo lọ tọrọ ìsinmi lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo kọ́kọ́ sọ ikú bí tíṣà ṣe kọ́ mi. Ọkùnrin náà fọwọ́ sí bébà kí n tó ráyè kí i. Mo gba bébà náà, ó dà bí ẹni pé mo jí i. Látìgbà náà mo padà sí ìkíni, ẹ sì ti rí ibi tí ìyẹn gbé mi dé.

Ní ọ̀sán yìí mo pe Àǹtí Bọ́lá. Nọ́ọ̀sì ni, ó ti pẹ́ lẹ́nu ẹ̀, kò jìnnà sí mi, ó ń gbé ní Eastbury. Mo kí i, mo kí ọkọ rẹ̀, mo béèrè ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń dùn ún.

"Délé," ó ní, "sọ ohun tó o fẹ́ sọ, ọbẹ̀ wà lórí iná."

Mo ní, "Àǹtí mi, tí mo bá ti dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn ńkọ́?"

Kò béèrè ọjọ́ wo. Mo gbọ́ tó fi ṣíbí kan ìkòkò lẹ́ẹ̀mejì. "Ṣé Màmá sọ fún Mọ́mì?"

"Rárá."

"Ó sọ fún Dádì?"

"Rárá, mà."

"Èmi tí mo fojú rí i, ó mú mi búra. Ìwọ ńkọ́? Ó gbé Bíbélì fún ẹ?"

Mo rántí ọpọ́n, mo rántí èèpo ẹ̀wà lórí omi. Ọwọ́ wa méjèèjì tutù. "Kò gbé Bíbélì fún mi."

"Kò gbé e fún ẹ," ó ní. "Ọdún méjì gbáko ni ìyá yẹn fi jókòó nínú ìpàdé Dádì, Délé. Ó mọ ẹni tó máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀."